Nípa Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Tí Ń Jẹ́ Grace

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ọ̀rọ̀ ní èdè kan, kí ó sì máa sọ ọ́ ní èdè mìíràn, ni ó mọ bí òwe yìí ti jinlẹ̀ tó. Àwa tí a jẹ́ katikíìsì wà nínú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Láti ọdún tí a ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Míṣọ́ọ̀nù, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í fi ojú kan ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní alẹ́ Sátidé, kí a sì fi ẹnu Yorùbá sọ ohun tí a rí níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń ṣe é. Ohun tí ó sì ń yà wá lẹ́nu síbẹ̀ ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn ni í dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gígùn dàbí àlejò tí ó gbé àpótí ńlá: gbogbo ará ilé ni yóò rí i, a ó sì bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó mọ́ wa lára ni ó ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn, tí a kì í sì í bi í ní ohunkóhun títí yóò fi ṣe ohun tí a kò retí.

Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Grace. Lẹ́tà márùn-ún péré ni. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá bi ọmọ náà léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, yóò dáhùn kí a tó pa ẹnu dé pé, Oore-ọ̀fẹ́. Ó gbà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ìdáhùn kan yìí lọ sí gbogbo ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ń lo ọ̀rọ̀ náà, yóò ṣìnà ju ìgbà tí yóò bọ́ sí i lọ. A fẹ́ kí òǹkàwé bá wa rìn yí ilé ọ̀rọ̀ yìí ká, kí a yọjú wo yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a sì rí ohun tí ó lè ná ènìyàn bí ó bá ṣi yàrá kan pè ní òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n ti gbà á, lẹ́yìn tí William ti Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ wọn ní ọdún 1066. Ọwọ́ àwọn ará Róòmù ni àwọn Faransé sì ti jogún rẹ̀, àwọn ẹni tí ń pè é ní gratia ní èdè Látìn. Ní ẹnu àwọn ará Róòmù, ohun mẹ́ta ni gratia. Èkíní ni ohun tí ó wà lára ènìyàn tí ó mú kí ojú wa fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni oore tí ẹni tí ó fẹ́ràn wa ṣe fún wa. Ẹ̀kẹta ni ọpẹ́ tí ẹni tí a ṣe lóore dá padà. Ẹ wò ó bí ó ti yí po bí òrùka: ẹwà bí oore, oore sì bí ọpẹ́. Àwọn Gíríìkì ní irú ọ̀rọ̀ kan náà, charis, tí ó ru ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sì kọ sínú àwọn Èpístélì rẹ̀. Nínú ìtàn òrìṣà àwọn Gíríìkì, arábìnrin mẹ́ta ni a fi orúkọ yìí pè, Aglaia, Euphrosyne àti Thalia; àwọn ayàwòrán a sì máa fi wọ́n hàn bí wọ́n ti di ara wọn mú. Láti inú ìdílé gratia ni gratis ti wá, èyí tí í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, àti gratitude, èyí tí í ṣe ìmoore, àti gracias tí àwọn ará Spéìnì fi ń dúpẹ́. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀; ṣùgbọ́n ó mọ̀ dájú pé oore àti ọpẹ́ kò gbọ́dọ̀ ya ara wọn, nítorí ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè tí ó kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọ yàrá iwájú, èyí tí í ṣe ti ẹwà. Bí obìnrin kan bá ń ti odò bọ̀ tí ó ru ìkòkò omi, tí kò fi ọwọ́ dì í mú, tí ọrùn rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé omi náà kò wúwo, Gẹ̀ẹ́sì yóò ní ó ń rìn pẹ̀lú grace. Oore-ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹwà ojú nìkan kọ́ ni ó sì ń sọ, nítorí obìnrin náà lè má rẹwà ní ojú. Bí ìnira kò ti hàn nínú ohun tí ó nira ni ó ń yìn. Yorùbá yóò ní ìrìn rẹ̀ yẹ ẹ́. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, níbi tí Jákọ́bù Mímọ́ gbé ń sọ nípa òdòdó koríko tí oòrùn mú rọ, grace ni àwọn atúmọ̀ pe ohun tí ó ṣègbé lára òdòdó náà. Àwọn tí ó tú Bíbélì wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn wọ́n jẹ. Ẹwà ni wọ́n kọ. Bákan náà, nínú ìwé orin, àwọn nóòtì kéékèèké tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nóòtì ńlá láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni à ń pè ní grace notes. Ẹni tí ń tẹ dùùrù mọ̀ pé bí òun bá fò wọ́n, orin náà kò ní dàrú, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ yóò dín. Àti pẹ̀lú, bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́ tí kò wù ú, tí ó sì fi ọ̀yàyà jẹ́ ẹ, wọ́n ní ó ṣe é pẹ̀lú grace tí ó dára. Bí ó bá fa ojú ro, wọ́n ní grace rẹ̀ burú. Iṣẹ́ kan náà ni a jẹ́ nígbà méjèèjì. Ojú tí a fi jẹ́ ẹ ni ó yàtọ̀.

Yàrá kejì ni ti ọlá. Grace ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kí Díúkù, òun ni wọ́n sì fi ń kí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà. Ní ayé àtijọ́ wọ́n a máa fi kí ọba wọn pàápàá, kí ó tó di pé ní ìgbà Henry Kẹjọ ni Majesty gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1979, nígbà tí Ìjọ Áńgílíkà ti Nàìjíríà dá dúró fúnra rẹ̀, tí Timothy Olufosoye sì di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́, etí wa nílé ti mọ ìkíni yìí dáadáa. Ọ̀gbufọ̀ tí kò bá ronú lè dìde níwájú ìjọ kí ó wí pé, Oore-Ọ̀fẹ́ Yín, ẹ káàbọ̀. Àwọn ènìyàn yóò sì máa wo ara wọn lójú. Yorùbá kì í fi oore kí ẹni ńlá. Kábíyèsí ni à ń kí ọba, èyí tí í ṣe pé kò sí ẹni tí ó lè bi í léèrè ohun tí ó ṣe. Baba ni a sì ń kí Bíṣọ́ọ̀bù, nítorí nílé wa kò sí ipò tí ó ga ju kí a jẹ́ baba fún ènìyàn lọ. Ìrònú àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: ẹni tí ó ní agbára láti ṣe wá ní ibi, tí a sì ń retí oore lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ oore náà ni wọ́n fi ń kí i, bóyá kí ó má baà gbàgbé.

Ọba tìkára rẹ̀ pẹ̀lú ní ìránnilétí tirẹ̀. Lára owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà méjì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọba, D àti G, tí wọ́n dúró fún Dei Gratia. Ìtumọ̀ èyí ni pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni ó fi jọba. Ní ọdún 1849, ní ìgbà Ọbabìnrin Victoria, wọ́n ṣe owó fàdákà tuntun kan tí ń jẹ́ florin, tí ó tó ṣílè méjì, wọ́n sì yọ lẹ́tà méjèèjì náà kúrò lára rẹ̀. Ariwo ta káàkiri ìlú. Àwọn kan pe owó náà ní aláìní-Ọlọ́run, àwọn mìíràn pè é ní aláìní-oore-ọ̀fẹ́; nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1851, florin mìíràn ti jáde tí ọ̀rọ̀ náà ti padà sí ara rẹ̀. Ó ṣì wà lára owó wọn títí di òní. Ẹni tí ó bá rò pé lẹ́tà méjì kò tó ohun tí ìlú ń torí rẹ̀ pariwo, kí ó rántí ohun tí wọ́n ń sọ: pé ohun tí ọba ní, fífún ni a fún un.

Yàrá kẹta ni ti ọpẹ́. Ohun tí àwa ń pè ní àdúrà oúnjẹ, grace ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí a ń bẹ Ọlọ́run kí ó fi oore-ọ̀fẹ́ bù kún oúnjẹ ni ó ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ẹnu àwọn ará Róòmù. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, àwa akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba àdúrà yìí ní yípo nínú yàrá ìjẹun. A rántí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kì í lè parí láì ka àwọn aláìsàn, àwọn arìnrìn-àjò, àti gbogbo àwọn tí ó wà ní ipò àṣẹ. Ọbẹ̀ a ti tutù kí ó tó dé Àmín. Olùkọ́ àgbàlagbà kan, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ọpẹ́ ni wọ́n ní kí o dá, wọn kò ní kí o ròyìn ayé fún Ọlọ́run.” Ó di àṣà láàrin wa láti máa bi ara wa, bí ẹnìkan bá ń rojọ́ gígùn, bóyá ọpẹ́ ni ó ń dá ni tàbí ìròyìn.

Orúkọ yìí kan náà ni a fi ń pe ìkíni tí ó wà ní ìparí Èpístélì kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, èyí tí a fi ń tú ìpàdé ká. Nílẹ̀ wa, ìbáà ṣe ìpàdé ìjọ, ìbáà ṣe ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, bí onígbàgbọ́ bá ti pọ̀ níbẹ̀, a kì í dìde láì sọ ọ́. Àwọn ọmọdé Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ti sọ ọ́ di àmì pé ó tó láti sá lọ ilé. Bí a bá bi àwọn kéékèèké inú wọn léèrè pé kí ni oore-ọ̀fẹ́, ẹnu-ọ̀nà ni ojú wọn yóò kọ́kọ́ lọ.

Yàrá kẹrin gba kí a jókòó pẹ́ díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí gbé ń ná ènìyàn ní owó. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní days of grace. Bí a bá dá ọjọ́ tí a ó san owó, tí ọjọ́ náà sì pé, wọ́n a tún fi ọjọ́ díẹ̀ lé e kí wọ́n tó mú onígbèsè. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1882 nípa ìwé àdéhùn owó tí àwọn oníṣòwò ń kọ fún ara wọn fi ọjọ́ mẹ́ta lé e. Ọdún 1971 ni wọ́n tó pa ọjọ́ mẹ́ta náà rẹ́ ní ilẹ̀ wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn ayánilówó ṣì ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé kọ́bọ̀ kan kò kúrò nínú gbèsè náà. Ọjọ́ ni a fi kún. A kò yọ owó. Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó mọ́ gaara fún èyí: a ní wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún un.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ń ṣòwò gàrí. Opó ni. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ayánilówó kan ní ìlú ńlá tí ó sún mọ́ wa, kí ó lè fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọdún kìíní dára. Ní ọdún kejì ẹ̀rọ náà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá náà kò sì rí owó ìkẹyìn san ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Lẹ́tà dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, tí ó sì mọ̀wé, ni ó kà á fún un. Lẹ́tà náà wí pé ọjọ́ ti kọjá, ṣùgbọ́n a fún un ní grace ọjọ́ 14. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ bí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ti í túmọ̀ rẹ̀: “Mámà, wọ́n ní ọjọ́ yín ti kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n fún yín ní oore-ọ̀fẹ́.” Ìyá náà ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà; oore-ọ̀fẹ́ náà ni. Ní ti ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìyá náà rò pé ìwọ̀n ìgbà tí akọ̀wé yóò fi pa orúkọ òun rẹ́ kúrò nínú ìwé ni.

Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọ pé oore-ọ̀fẹ́ ni ohun rere tí a fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, láì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì ti ka àdúrà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Mátíù Mímọ́ ti kọ ọ́, níbi tí a gbé pe ẹ̀ṣẹ̀ ní gbèsè tí Ọlọ́run ń dárí rẹ̀ jì. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ó mú iṣu mẹ́fà àti àkùkọ kan wá síwájú, ó jó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a jó. Ó ní Ọlọ́run ti fi ọwọ́ tọ́ ọkàn àwọn olówó. Gbogbo ìjọ ni ó bá a ṣe Àmín.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ọkùnrin méjì gun alùpùpù dé, wọ́n sì fi àgádágodo ti ilé ẹ̀rọ náà. Láyé àtijọ́ ológò ni à bá rán sí i, ẹni tí yóò lọ jókòó ti onígbèsè nílé, tí yóò máa bú u, tí yóò sì máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ títí owó yóò fi jáde. Àwọn wọ̀nyí kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n tilẹ̀ ní kí ìyá náà má bínú. Ó mú lẹ́tà náà tọ̀ wá wá ní ìrọ̀lẹ́. Kò sunkún. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Ṣé oore-ọ̀fẹ́ ni ó wà níbẹ̀, àbí òun kọ́?”

A kà á, a sì wí fún un pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ níhìn-ín ni pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé ó ní ọjọ́ tí ó ń parí?”

A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mámà.”

Ó ní, “Ohun tí ó bá ní ọjọ́ tí ó ń parí, tí owó rẹ̀ kò sì dín, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n má pè é ní ọ̀fẹ́.”

A bá a lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá wa lóhùn níwà; ó fún ìyá náà ní àga, ó sì ka lẹ́tà náà láti òkè dé ilẹ̀, kò sì rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Lóòótọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ni ó dá owó jọ. Olúkúlùkù mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká wá, ẹlòmíràn mú gàrí, ẹlòmíràn mú epo láti tà. Ọjà márùn-ún ni wọ́n ná kí owó náà tó pé, àti èlé àwọn ọjọ́ tí ó wà láàrin. A ṣí àgádágodo, ẹ̀rọ sì tún ń lọ. Nígbà tí a padà sí ìdí ìwé wa, a rí i pé nínú Èpístélì kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní orí kẹjọ, charis gan-an ni Pọ́ọ̀lù Mímọ́ fi pe owó tí àwọn ìjọ dá jọ fún àwọn tálákà tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú lẹ́tà ni ó ti wá, inú ìdí ìró àwọn obìnrin ni a ti tú u.

Ìdáríjì ọba náà ń bẹ nínú yàrá kẹrin yìí. Ní ọdún 1717, George Kìíní ṣe òfin kan tí wọ́n pè ní Act of Grace, láti dárí ji àwọn tí ó dìtẹ̀ sí i ní ọdún 1715. A ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀ ní orúkọ, nínú wọn sì ni gbogbo ìdílé MacGregor ní ilẹ̀ Scotland. Báyìí ni oore-ọ̀fẹ́ ti rí bí ó bá ti ọwọ́ ènìyàn wá: ti ayánilówó ní ọjọ́ tí ó ń parí, ti ọba sì ní orúkọ àwọn tí kò kàn.

Nísinsìnyí a dé yàrá inú lọ́hùn-ún, èyí tí gbogbo wa rò pé òun nìkan ni ilé náà ní. Níhìn-ín ni Grace gbé jẹ́ ojú rere Ọlọ́run sí ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi rà á. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó jà jù fún yàrá yìí ní ìgbà àtijọ́, èyíinì ni Augustine, Bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlùjíríà lónìí. Pelagius, ẹni tí ó wá láti Bírítéènì, ń kọ́ni pé ènìyàn lè ti ipá ara rẹ̀ ṣe rere. Augustine ní agbára tí a fi ń ṣe rere gan-an, fífún ni a fún ni. Ní ọdún 418 àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé jọ ní Carthage, wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ Pelagius lẹ́bi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò wọ èdè wa, ọwọ́ àwọn tí ó tú Bíbélì ni ó ti gbà kọjá, Samuel Ajayi Crowther sì ni olórí wọn. Ìwé Róòmù tí ó tú jáde ní ọdún 1850. Odindi Bíbélì Yorùbá sì parí ní ọdún 1884. Ní ti Nóà, ojú rere ni wọ́n kọ pé ó rí. Ní ti ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù Mímọ́, oore-ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ ní ọ̀nà kan, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá gbọ́ Grace lè gbàgbé pé kò ní iye owó, ṣùgbọ́n Yorùbá kò lè gbàgbé; ó wà ní ìdajì orúkọ rẹ̀. Ó sì dín sí ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà mìíràn, nítorí ẹwà àti ọpẹ́ tí wọ́n jẹ́ ìbejì oore nínú charis kò bá a wá. Nítorí náà ó di iṣẹ́ olùkọ́ láti máa pè wọ́n padà wọlé. Ẹni tí ó gba oore-ọ̀fẹ́, tí ìrìn rẹ̀ kò yẹ ẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kò sì dúpẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó gbà.

Ohun kan sì wà tí a kò lè ṣàì sọ kí a tó jáde nínú yàrá yìí. Ẹni tí ó kọ orin Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nípa Grace ni John Newton, tí ó kọ ọ́ fún ìjọ rẹ̀ ní Olney fún ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1773. Ọkùnrin yìí ti ṣe òwò ẹrú. Ní ọdún 1748 ìjì líle mú un lójú òkun, ó sì ké pe Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ka ọdún ìyípadà rẹ̀. Síbẹ̀, láti 1750 títí di 1754, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó tún fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá ọkọ̀ tí ó kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun; àìsàn ni ó sì mú un kúrò lójú omi. Ọdún 1788 ni ó tó kọ ìwé tí ó fi dá òwò náà lẹ́bi ní gbangba, tí ó sì fi ojú ara rẹ̀ tì í. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1807, ní ọdún kan náà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ogójì ọdún ni ó wà láàrin ìjì àti ìwé. Ó dàbí ẹni pé fún ìgbà pípẹ́, inú yàrá kẹrin ni ó jókòó sí tí ó rò pé inú lọ́hùn-ún ni òun wà: ó gba àánú bí ẹni tí a sún ọjọ́ síwájú fún, tí ó sì padà sí ìdí òwò rẹ̀.

Crowther ńkọ́? Ọmọdékùnrin ni nígbà tí wọ́n kó Òṣogùn ní ọdún 1821, tí wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú ní Èkó. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lẹ́nu àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ti di ènìyàn ní ìdè ni ó kọrin rẹ̀. Ní èdè wa, ẹni tí a ti dì ní ìdè ni ó jókòó tì í láti fún un ní ẹran ara Yorùbá. Ẹni tí a ti fi owó rà rí mọ ìwọ̀n ohun tí ọ̀fẹ́ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀gbufọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ tí ń ka lẹ́tà fún àwọn ìyá yín, bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má yára dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni a fi ń kọ́ àwọn tí ń múra fún ìfìdímúlẹ̀ ní ìjọ wa nísinsìnyí: Ta ni ó fún ni? Ṣé ó kù tí a ó san? Ṣé ó ní ọjọ́ tí ó ń parí? Bí ó bá kù tí a ó san, ẹ sọ fún ìyá yín pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kí ó lè tètè wá owó. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ni wọ́n ń yìn, ẹ ní ó yẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ni ó wà níwájú yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jẹun kí ọbẹ̀ tó tutù.

Ní ìgbà àwọn ìyá wa, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ni a fi omi ìrìbọmi sọ ní Grace. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ òbí ń mú ọmọ wá síbi ìrìbọmi, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Oore-ọ̀fẹ́ ní èdè tiwọn. Inú wa ń dùn nígbàkúgbà tí a bá ń kọ orúkọ náà sínú ìwé. Bí ọmọ náà bá dàgbà, kò sí ayánilówó tí yóò fi orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.